Ètò Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́

Àwọn tí wọ́n sọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní "jẹ́lé-ó-sinmi" mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kì í jẹ́ kí ilé sinmi. Bí kò bá da omi nù, a lé adìẹ. Bí kò bá lé adìẹ, a máa bi ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè tí kò lópin. Nígbà tí a bá mú un lọ sí ilé-ìwé ní òwúrọ̀, ilé a pa rọ́rọ́, ìyá a sì ráyè bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ilé bá ti sinmi, kí ni ọmọ náà ń ṣe níbi tí a mú un lọ? Ètò ẹ̀kọ́ ni ó ń dáhùn ìbéèrè yìí. Òun ni ó ń sọ ohun tí a ó kọ́ ọmọ, ìgbà tí a ó kọ́ ọ, ọ̀nà tí a ó gbà kọ́ ọ, àti bí a ó ti ṣe mọ̀ pé ó yé e.

Kò sí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà jáde ní ìlú Ìbàdàn lónìí tí kò ní rí pátákó ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Bí ó gba ọ̀nà Mọ́níyà ní Akínyẹlé, tàbí ọ̀nà Lálúpọn ní Lágelú, bí ó kọjú sí Ẹgbẹ́dá, tàbí tí ó gba ọ̀nà Akanran lọ ní Ọ̀nà-Àrà, yóò bá wọn níbẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀, ọmọ awakọ̀, ọmọ oníṣòwò àti ọmọ olùkọ́ ni wọ́n jọ ń jókòó nínú wọn. Ẹni tí ó dá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kò lè máa ṣe bí ó ti wù ú nìkan. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ń fún un ní àṣẹ, àwọn olùbẹ̀wò a sì máa wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Ìjọba ti la ẹ̀kọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mọ̀ sílẹ̀. Àmọ́ ẹ̀kọ́ tí a là sílẹ̀ dà bí aṣọ tí ó ṣì wà ní ìgàn: kò tíì ṣeé wọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò gé e, tí yóò sì rán an bá ara ọmọ mu.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pípín ẹ̀kọ́ sí àkókò. Sáà mẹ́ta ni ó wà nínú ọdún ẹ̀kọ́, sáà kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá mòye a máa wo ojú ọ̀run kí ó tó pín in. Bí ẹ̀kọ́ nípa bí irúgbìn ti ń hù bá bọ́ sí ìgbà ọyẹ́, tí ilẹ̀ gbẹ táútáú, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni yóò jẹ́. Bí ó bá fi í sí sáà kẹta, nígbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀, tí àwọn òbí ń gbin àgbàdo, olúkúlùkù ọmọ lè gbin hóró méjì sínú agolo, kí ó máa bomi rin ín, kí ó sì máa wò ó lójoojúmọ́. Ohun tí ọmọ fi ojú ara rẹ̀ rí kì í tètè gbàgbé.

Iṣẹ́ kejì ni títo ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ wẹ́wẹ́ kò lè jókòó pẹ́ sójú kan bí àgbà. Nítorí náà, ìṣirò àti ìwé kíkà, tí wọ́n gba ọpọlọ, ni a ń fi sí òwúrọ̀ nígbà tí ara ọmọ ṣì tutù. Orin, àlọ́, àwòrán yíyà àti eré ìta a sì máa wà láàárín wọn. Ẹni tí ó bá ka eré sí ìfàkókò-ṣòfò kò mọ ọmọdé. Nínú eré ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ti ń dúró de ẹlòmíràn, bí a ti ń pa òfin mọ́, àti bí a ti ń fara mọ́ ọn nígbà tí a bá pàdánù. Àlọ́ àpamọ̀ pẹ̀lú ń kọ́ ọ láti fi nǹkan wé nǹkan, kí ó sì ronú kí ó tó dáhùn.

Iṣẹ́ kẹta ni ó ṣòro jù lọ: láti mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí a wo ilé kí a tó la ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ọmọ tí ó ti abúlé wá kì í ṣe àgbá òfìfo. Ó ti bá ìyá rẹ̀ àgbà ka orógbó lórí àtẹ. Ó mọ ọjọ́ tí ọjà yóò tún pé. Nígbà tí ó bá ka mẹ́rìndínlógún, ó ti yọ mẹ́rin kúrò nínú ogún láìmọ̀. Nígbà tí ó bá dárúkọ ọgọ́ta, ogún mẹ́ta ni ó kó jọ. Olùkọ́ tí ó bá fi èyí hàn án ti fi àyọkúrò àti ìsọdipúpọ̀ lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá pa gbogbo èyí tì, tí ó sì jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ọmọ kò gbọ́ rí nílé, ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo, ọmọ náà a dákẹ́. Bí ó bá dákẹ́ pẹ́, a ó pè é ní olódo. Bẹ́ẹ̀ olódo kọ́ ni. Èdè ni ó dí i lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ nípa èdè yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní ọdún 1853, tí wọ́n sì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Kúdẹtì, Yorùbá kíkà wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sì wà fún àwọn ọmọbìnrin. Ṣùgbọ́n ní Ilé-Ifẹ̀ ni a ti dán ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì kò kúrò nínú ètò wọn. Wọ́n ń kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan, láti ẹnu olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáradára. Àwọn ọmọ mìíràn, tí a fi ń wé wọn, lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta tí ó kù. Nígbà tí a dán gbogbo wọn wò, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ títí dé òpin kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn yòókù yọ nínú ẹ̀kọ́ mìíràn.

Síbẹ̀, àwọn aláṣẹ kò tíì fẹnu kò sójú kan. Ní ọdún 1977, ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti Nàìjíríà fi àyè gba èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ pinnu pé kí a fi í kọ́ni ní gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025, a yí ìpinnu náà padà, a sì ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Ẹrù tí ó wà lórí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tún wúwo ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí owó àwọn òbí ni ó fi ń gbé e. Àgbẹ̀ tí ó ta kòkó tàbí gaàrí láti san owó ilé-ìwé a máa fẹ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ọmọ rẹ̀ kí ọdún tó yípo. A kò lè bá a wí: ó mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe ìdánwò, òun ni a sì fi ń wá iṣẹ́. Ohun tí ó yẹ kí a fi hàn án ni pé ọmọ lè ké orin Gẹ̀ẹ́sì ketekete, kí ó má sì mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ́ dáradára kò béèrè pé kí a kọ́kọ́ gba Yorùbá lẹ́nu ọmọ. Bí a tilẹ̀ ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni, àyè wà fún ẹ̀kọ́ Yorùbá, fún àlọ́, àti fún àpẹẹrẹ tí a mú láti oko àti ọjà.

Ní òpin ọdún, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní àròjinlẹ̀ kì í bèèrè pé ìwé mélòó ni a kà tán. A máa bèèrè pé kí ni ọmọ lè ṣe nísinsìnyí tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀. Ǹjẹ́ ó lè ka ìwé tí kò rí rí? Ǹjẹ́ ó lè ṣe ìṣirò owó tí a óò dá padà fún un lọ́jà? Ǹjẹ́ ó ṣì ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ó ti ń ṣe nígbà tí kò jẹ́ kí ilé sinmi? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ètò náà dára. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ètò ni kí a tún ṣe, kí a má ṣe dá ọmọ lẹ́bi.