Ọkọ̀ Àwọn Viking àti Fàdákà Tí Kálímà Wà Lára Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ní ọdún 1999, ní oko kan tí wọ́n ń pè ní Spillings, ní erékùṣù Gotland tí í ṣe ti ilẹ̀ Suwídìn, wọ́n hú ìṣúra kan jáde nínú ilẹ̀. Fàdákà ibẹ̀ wúwo tó kílò 67, owó tí ó wà nínú rẹ̀ sì lé ní 14,000. Púpọ̀jù lọ nínú owó náà kì í ṣe owó òyìnbó rárá. Owó dírámù ni, tí wọ́n rọ ní ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n sì fi èdè Lárúbáwá kọ Kálímà sí lára pé kò sí ọba mìíràn àfi Allāhu. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀. Nígbà náà, kò sí ẹni tí ń kírun ní Gotland. Ta ni ó wá gbé Kálímà débẹ̀?

Ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé e débẹ̀. Ọkọ̀ náà àti àwọn tí wọ́n kàn án ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ wọn lónìí. Ayé ń pè wọ́n ní Viking. Ará Nọ́wè, Dẹ́nmáàkì àti Suwídìn ni wọ́n. Láti ọdún 793, nígbà tí wọ́n kó ilé àwọn àlùfáà Kristẹni ní Lindisfarne ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di nǹkan bí ọdún 1066, díẹ̀ ni etíkun Yúróòpù tí ọkàn àwọn ará ibẹ̀ balẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí yóò dùn mọ́ jù. Àwọn tí ń kàn án kì í fi ayùn rẹ́ pákó. Àáké ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú igi ṣóńṣó tí wọ́n ń gbá wọ inú ìtì igi óákù, kí igi náà lè là gẹ́lẹ́ lójú ìlà tí Ọlọ́run fi sí i lára. Pákó tí a là báyìí, bí ó tilẹ̀ fẹ́lẹ́, kì í tètè dá. Nígbà tí wọ́n bá ń tò ó, etí pákó kan yóò gun orí èkejì, bí ìgbà tí a bá ń fi páànù bo ilé. Ìṣó irin ni wọ́n fi ń kàn wọ́n pọ̀, wọn ó sì fi irun ẹran tí wọ́n rẹ sínú ọ̀dà dí àárín wọn kí omi má bàa wọlé.

Ní ọdún 1880 ni wọ́n hú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kan jáde ní Gokstad ní ilẹ̀ Nọ́wè, nínú òkìtì tí wọ́n sin ọkùnrin pàtàkì kan sí. Gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 76, fífẹ̀ rẹ̀ tó 17, ihò tí wọ́n ń ti àjẹ̀ bọ̀ sì jẹ́ 16 ní apá kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀ púpọ̀ nínú pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò nípọn ju bí íǹṣì kan lọ! Àwọn kan sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè la òkun ńlá já. Ní ọdún 1893, àwọn ará Nọ́wè kan òmíràn tí ó jọ ọ́, ọ̀gákọ̀ Magnus Andersen sì wà á láti Bergen lọ sí Amẹ́ríkà. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi rí ilẹ̀ òdìkejì. Ó ròyìn pé bí ìgbì bá gbá ọkọ̀ náà, ara rẹ̀ a tẹ̀, a sì tún nà padà, ṣùgbọ́n omi kì í wọlé. Ohun tí ó le gbagidi ni òkun máa ń fọ́.

Ẹ má sì ṣe rò pé iṣẹ́ ọkùnrin nìkan ni. Irun àgùntàn ni wọ́n fi ń hun ìgbòkun, àwọn obìnrin ni ó sì ń ran án tí wọ́n ń hun ún. Ìgbòkun ńlá kan ṣoṣo a máa gba irun àgùntàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ, àti iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Bí àwọn ìyá ilé kò bá jókòó ti òwú, kò sí ọkọ tí yóò rí òkun lọ.

Wọn kò ní irin ìtọ́nà tí ń júwe àríwá. Oòrùn, ìràwọ̀, àwọ̀ omi àti ẹyẹ ni wọ́n ń wò. Ìtàn wọn sọ nípa Floki tí ó gbé ẹyẹ ìwò mẹ́ta dání nígbà tí ó ń wá ilẹ̀ Áísìlándì: ó tú wọn sílẹ̀, ó sì tẹ̀lé èyí tí ó fò síwájú tí kò padà. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ànábì Núhù yóò rẹ́rìn-ín músẹ́ níhìn-ín. Láti Áísìlándì wọ́n dé Gírínlándì, láti ibẹ̀ wọ́n dé Newfoundland ní Amẹ́ríkà. Igi tí wọ́n gé níbẹ̀ ní ọdún 1021 ṣì wà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn oníṣọ̀nà wọn náà kò jẹ́ kí ọkọ̀ yìí parẹ́. Ó wà lára àwọn òkúta Gotland, pẹ̀lú ìgbòkun rẹ̀ ní fífẹ̀. Igi imú ọkọ̀ Oseberg, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú òkú obìnrin méjì ní ọdún 834, ni wọ́n fín láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tí ó fi ká bí ejò. Ṣùgbọ́n fìlà onírin tí ó ní ìwo méjì, tí àwọn ayàwòrán máa ń dé sí wọn lórí, irọ́ ni. Ẹni tí ń rán aṣọ fún àwọn eléré orí ìtàgé ní Jámánì ni ó gbé e dé ọ̀pọ̀ ojú ní ọdún 1876.

Omi tí kò kọjá ìbàdí ọkùnrin tó fún ọkọ̀ yìí láti rìn. Nítorí náà, ohun tí ó la òkun já náà ni yóò tún gun odò. Àwọn Mùsùlùmí Andalúsì rí èyí ní ọdún 844, nígbà tí àwọn Viking gba odò Guadalquivir wọ ìlú Seville tí wọ́n sì kó o, kí ọmọ ogun Àmíìrì Abd al-Rahman Kejì tó lé wọn jáde. Ní apá ìlà oòrùn, wọ́n ń gun odò ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Níbi tí odò bá ti tán, wọn a fa ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ lọ sí odò mìíràn, títí wọ́n fi dé odò Volga, níbi tí àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí ń dúró dè wọ́n.

Ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn tiwa ti rí wọn. Ní oṣù Safar ọdún 309 Hijira, tí í ṣe oṣù kẹfà ọdún 921, Kálífà al-Muqtadir rán ikọ̀ láti Bàgídáádì lọ sọ́dọ̀ ọba àwọn Bulgar ní etí Volga, ẹni tí ó bẹ̀bẹ̀ fún àwọn tí yóò kọ́ ọ ní ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ahmad ibn Fadlan wà nínú ikọ̀ náà, ohun tí ó rí ní ó sì kọ. Ó pàdé àwọn tí wọ́n ń pè ní Rus, tí ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ará Suwídìn ni púpọ̀ nínú wọn. Ó ní òun kò rí ẹni tí ara rẹ̀ pé bí tiwọn rí, wọ́n ga bí igi dàbínù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ àlùwàlá, ẹ gbọ́: ó ní inú omi awo kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ń bọ́jú láràárọ̀, tí ẹni kan yóò fun imú sínú rẹ̀ kí ó tó gbé e fún ẹnìkejì.

Ó rí wọn tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún igi tí wọ́n gbẹ́ ojú ènìyàn sí, tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kí ó rán oníbàárà sí wọn, oníbàárà tí ó ní dínárì àti dírámù púpọ̀, tí kò sì ní yọwó. Kí ni ọjà wọn? Awọ ẹranko onírun, àti ẹrúbìnrin. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Fàdákà tí Kálímà wà lára rẹ̀ yẹn, owó orí ènìyàn wà nínú rẹ̀, àwọn Mùsùlùmí ẹgbẹ́ wa ni ó sì san án.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́lá wọn kú. Wọ́n bi àwọn ẹrúbìnrin rẹ̀ pé ta ni yóò bá a kú, ọ̀kan dáhùn pé òun ni. Láti ìgbà náà kò sí àyè àti yí ọ̀rọ̀ padà, wọ́n ti yan àwọn tí yóò máa ṣọ́ ọ. Àwọn àgbà wa tí ó gbọ́ ìtàn abọ́bakú kò ní pe èyí ní àlọ́. Fún ọjọ́ mẹ́wàá ó ń mutí, ó ń kọrin, wọ́n sì ń rán aṣọ òkú. Wọ́n fa ọkọ̀ gòkè odò, wọ́n tẹ́ ibùsùn sínú rẹ̀, wọ́n gbé òkú náà lé e. Àwọn nǹkan kan tẹ̀lé e tí n kò ní kọ sínú ìwé tí àwọn ọmọ ń kà. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọbìnrin náà sókè, ó ní òun ń rí bàbá àti ìyá òun, òun sì ń rí olówó òun tí ó jókòó nínú ọgbà tútù kan. Obìnrin arúgbó tí wọ́n ń pè ní Mọláíkà Ikú mú un wọlé. Àwọn ọkùnrin ń fi igi lu apata kí àwọn ọmọbìnrin yòókù má bàa gbọ́ igbe rẹ̀.

Wọ́n tiná bọ ọkọ̀ náà. Ọ̀kan nínú àwọn Rus sọ fún ògbufọ̀ ibn Fadlan pé òmùgọ̀ ni àwọn Lárúbáwá, tí wọ́n ń gbé ẹni tí wọ́n fẹ́ràn sínú ilẹ̀ fún kòkòrò, nígbà tí àwọn ń fi iná rán tiwọn lọ lójú ẹsẹ̀. Atẹ́gùn dìde, kò sì tó wákàtí kan tí ọkọ̀, igi, olówó àti ẹrú fi di eérú. Wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ jọ di òkìtì síbẹ̀, wọ́n ri igi ńlá kan mọ́ àárín rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ọkùnrin náà àti orúkọ ọba wọn sí i, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Wọn kò kọ orúkọ ọmọbìnrin náà. Ibn Fadlan náà kò kọ ọ́.