Ìkajà Onírédíò ní Ilé Ìtajà: Iṣẹ́ Rẹ̀ àti Orúkọ Tí Ó Yẹ Ẹ́

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí òwe yìí ti kan ọmọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ó kan ẹ̀rọ tuntun tí ó bá wọ inú èdè. Ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ń fi ìgbì rédíò ka ọjà tí oníbàárà bá kó dé ibi ìsanwó. Orúkọ tí ó rọrùn láti fún un ni "ìsanwó adáṣe". Ṣùgbọ́n kí orúkọ náà tó fìdí múlẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ ẹ̀rọ náà wò.

Àmì onílà

Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹfà, ọdún 1974, ní ilé ìtajà Marsh ní ìlú Troy, ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ ka àmì onílà tí ó wà lára ìdì ṣingọ́ọ̀mù kan. Láti ìgbà náà ni àmì yìí ti tàn ká ayé. Síbẹ̀, ó ní àléébù méjì. Èkíní, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ rí i kí ó tó lè kà á. Nítorí náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń gbé ọjà síwájú rẹ̀. Èkejì, irú ọjà ni ó ń sọ: ọgọ́rùn-ún agolo mílíìkì tí wọ́n jẹ́ irú kan náà, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń rù.

Àlẹ̀mọ́ onírédíò

Àlẹ̀mọ́ onírédíò tí a ń lẹ̀ mọ́ ọjà kò ní bátìrì. Ègé sílíkọ́nì kékeré kan àti áńtẹ́nà pẹlẹbẹ ni ó wà nínú rẹ̀. Akàlẹ̀mọ́, èyí tí í ṣe ẹ̀rọ tí ń ka àlẹ̀mọ́, a rán ìgbì jáde. Áńtẹ́nà a gba díẹ̀ nínú agbára ìgbì náà. Ègé sílíkọ́nì a sì fi agbára yìí ta jí, a dá ìgbì padà pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Ó dà bí gbohùngbohùn tí ń sọ orúkọ ara rẹ̀. Harry Stockman ti kọ̀wé lórí ìfiránṣẹ́ nípa agbára ìgbì tí a dá padà ní ọdún 1948.

Irú èyí tí ó wọ́pọ̀ ní ilé ìtajà ń ṣiṣẹ́ láàrin mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì 860 àti 960, a sì lè kà á láti ọ̀nà mítà mélòó kan láì fojú rí i. Bí gbogbo àlẹ̀mọ́ bá dáhùn pọ̀, ariwo lásán ni yóò jẹ́. Nítorí náà, akàlẹ̀mọ́ a pín àkókò sí àlàfo kéékèèké, àlẹ̀mọ́ kọ̀ọ̀kan a sì mú àlàfo tirẹ̀ bí ẹni ṣẹ́ kèké. Àwọn tí ìdáhùn wọn bá kọlura a tún kèké ṣẹ́.

Ibi tí ó ti yẹ ọjà

Aṣọ ni ó bá mu jù. Aṣọ kì í dí ìgbì lọ́nà, owó orí rẹ̀ sì lè ru owó àlẹ̀mọ́. Ní àwọn ilé ìtajà Uniqlo, ilé iṣẹ́ aláṣọ ti Jàpáànù, oníbàárà a kó aṣọ sínú àpótí ibi ìsanwó, ẹ̀rọ a ka gbogbo wọn pọ̀, a sì kọ àpapọ̀ owó síta.

Àwọn ìdíwọ́

Ohun mẹ́ta ni ó ń dí ẹ̀rọ yìí lọ́wọ́ níbi oúnjẹ. Àkọ́kọ́ ni ohun tí ọjà jẹ́: omi a máa gbé agbára ìgbì mì, irin a sì máa dá a padà. Ìgò omi àti agolo tòmátò nìyẹn. Èkejì ni owó. Ní ọdún 2017, ìjọba Jàpáànù àti ilé iṣẹ́ onísọ́ọ̀bù 5 kéde pé nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2025, wọn yóò máa lẹ àlẹ̀mọ́ bílíọ̀nù 100 mọ́ ọjà lọ́dún. Ṣùgbọ́n wọ́n so ó mọ́ àdéhùn pé owó àlẹ̀mọ́ kan kò gbọdọ̀ ju yẹ́ẹ̀nì 1 lọ. Ẹni tí ń ta bisikíìtì mọ ìdí rẹ̀: èrè kékeré kò lè bọ́ àlẹ̀mọ́ olówó ńlá.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣòro jù. Àlẹ̀mọ́ tí kò dáhùn kò yàtọ̀ sí àlẹ̀mọ́ tí kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá já a kúrò, tàbí tí irin bá bò ó, ẹ̀rọ kò ní mọ̀ pé nǹkan sọnù. Ó sì tún lè ka ọjà ẹni tí ó dúró nítòsí mọ́ ti ẹlòmíràn. Àpótí ibi ìsanwó lè dín àṣìṣe yìí kù. Kò lè pa á rẹ́ pátápátá.

Orúkọ

Bí a bá wo gbogbo èyí, ẹ̀rọ náà kò sanwó. Oníbàárà ni ó ń sanwó. Òṣìṣẹ́ ni ó ń rí i pé àlẹ̀mọ́ wà lára ọjà. Ọlọ́jà sì ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ ń dá ṣe ni kíkà. Bí èdè ti ní "ìtajà" láti ara "ta ọjà", bẹ́ẹ̀ ni "ka ọjà" yóò fún un ní "ìkajà". "Ìkajà onírédíò" ni orúkọ tí ó bá iṣẹ́ náà mu, "ìkajà onílà" sì ni ti àmì onílà. Ọlọ́jà tí ó bá gbọ́ "ìsanwó adáṣe" lè ná owó rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, kí ó dá agbowó rẹ̀ dúró, kí ọjà sì máa bá ẹnu ọ̀nà jáde láì fọhùn. Ẹni tí ó bá gbọ́ "ìkajà" yóò mọ̀ pé lẹ́yìn kíkà, ìṣọ́ ṣì kù. Orúkọ a máa ro ọmọ. Ó sì lè ro ẹni tí ó ra ẹ̀rọ.