Ẹ̀kọ́ Ìwé àti Iṣẹ́ Ọlọ́pàá

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ọgbọ̀n ọkùnrin jọ ní Èkó ní ọdún 1861 láti máa ṣọ́ ìlú, ara líle àti ìgboyà ni a ń wá lára wọn, kì í ṣe ìwé kíkà. Ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọlọ́pàá tí ó mú ọ̀daràn ni yóò kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí àti ohun tí ẹlẹ́rìí wí sílẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ náà bá mẹ́hẹ, olè lè lọ lófẹ̀ẹ́, kí aláìṣẹ̀ sì wọ ẹ̀wọ̀n.

Ọmọ Oríòkè-Ìwàmímọ́ ní etí òkun Ìlàjẹ (orúkọ ìlú náà ń pe òkè, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ) tí ó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá, ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú rẹ̀. Ó lè wọlé gẹ́gẹ́ bí kọ́ńsítébù, bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá wà láàrin ọdún 18 sí 25. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.67. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ní ibùdó bí irú èyí tí ó wà ní Ìkẹjà, yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, yóò di kọ́pùrà, sájẹ́ńtì àti ìnsípẹ́kítọ̀, ọdún púpọ̀ yóò sì ti kọjá kí ó tó di ọ̀gá.

Ọ̀nà kejì ni Akadẹmí Ọlọ́pàá tí ó wà ní Wudil ní ìpínlẹ̀ Kano. Ní ọdún 1988 ni a dá a sílẹ̀. Yunifásítì ni ó jẹ́ nísinsìnyí. Ọdún márùn-ún ni kádẹ́ẹ̀tì ń lò níbẹ̀, yóò sì jáde pẹ̀lú oyè yunifásítì àti ipò ASP, èyí tí ó ga ju ti ìnsípẹ́kítọ̀ lọ. Ìjọba ni ó ń gbé ìnáwó ẹ̀kọ́, oúnjẹ, ibùsùn àti aṣọ rẹ̀. Bí a kò tilẹ̀ pè é ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́, kí ni à bá tún pè é? Baba tí ó ń fi àwọ̀n wá oúnjẹ lè ní ọmọ ní yunifásítì láìta ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kádẹ́ẹ̀tì tí ó bá fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ tàbí nínú ìwà, ilé ni yóò padà sí.

Kírẹ́dítì márùn-ún ni ọ̀nà méjèèjì ń béèrè, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò kò sì gbọdọ̀ sí lẹ́yìn. Èsì ìdánwò ẹ̀ẹ̀mejì péré ni a lè pa pọ̀. Ẹni tí ó ń lọ sí Wudil yóò tún ṣe ìdánwò JAMB àti ti Akadẹmí fúnra rẹ̀, dókítà yóò yẹ̀ ẹ́ wò, a óò sì fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ibẹ̀ kì í gba ẹni tí kò tó ọdún 17, kì í sì í gba ẹni tí ó ti kọjá ogún ọdún dáadáa. Ọmọ tí ó ń fi ọdún mẹ́ta wá kírẹ́dítì ìṣirò kan lè rí i gbà tán kí ọjọ́ orí ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìṣirò yìí kan náà ni Káyọ̀dé Ẹgbẹ́tókun, ẹni tí ó di Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá Nàìjíríà ní ọdún 2023, kà ní Yunifásítì Èkó kí ó tó wọ iṣẹ́ ní 1990.

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ni ìjọba kọ́kọ́ ro tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan dá a lábàá ní 1967 pé kí gbogbo ọlọ́pàá di ẹni tí ó gba oyè yunifásítì bó pẹ́ bó yá. Ní 1968, òfin fi owó ìrànwọ́ àti owó yíyá sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá tí ó bá fẹ́ kàwé sí i. Àbá náà kò tíì ṣẹ. Ní New York, níbi tí wọ́n ti ń béèrè kírẹ́dítì kọ́lẹ́ẹ̀jì 60, wọ́n dín in kù sí 24 ní ọdún 2025 nítorí àìtó ènìyàn.

Ní Nàìjíríà, àwọn tí ń wá iṣẹ́ yìí pọ̀ ju àyè lọ, nítorí náà kò sí ìdí láti dín ẹ̀kọ́ kù. Kọ́ńsítébù tí ó fẹ́ kàwé sí i ni ọ̀ràn wà lọ́wọ́ rẹ̀: oyè tí ó bá gbà lẹ́nu iṣẹ́ kì í sọ ọ́ di ọ̀gá lọ́jọ́ kan náà.