Asisat Oshoala, Atamátàsé Láti Ìkòròdú

Ọ̀nà ńlá tí ó gba ẹ̀bá Ìkòsì kọjá ní Mile 12 ni àwọn èrò ń gbà lọ sí Ìkòròdú. Ní ìlú Ìkòròdú yìí ni a gbé bí Asisat Oshoala ní ọjọ́ 9 oṣù Ọ̀kítóbà, ọdún 1994. Ìgbà mẹ́fà ni àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà ti yàn án gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù obìnrin tí ó dára jù lọ: ní ọdún 2014, 2016, 2017, 2019, 2022 àti 2023.

IṢẸ́ ATAMÁTÀSÉ

Agbábọ́ọ̀lù 11 ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Aṣọ́lé ń ṣọ́ àwọ̀n, àwọn ará ẹ̀yìn ń dènà, àwọn ará àárín ń pín bọ́ọ̀lù, àwọn ará iwájú ni ó sì ń gbá a wọlé. Àwọn ará iwájú yìí ni à ń pè ní atamátàsé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé eré sísá nìkan ni iṣẹ́ wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí òfin kan dè wọ́n. Nígbà tí ẹlẹgbẹ́ atamátàsé bá ń gbá bọ́ọ̀lù sí i ní ìhà àwọn alátakò, kò gbọdọ̀ ti wà níwájú bọ́ọ̀lù náà, kí ó sì tún sún mọ́ ilé àwọn alátakò ju ẹni kejì láti ẹ̀yìn wọn lọ. Bí ó bá ti ibẹ̀ gba bọ́ọ̀lù, rẹfirí yóò fun fèrè. Nítorí náà, ó níláti dúró títí bọ́ọ̀lù yóò fi kúrò lẹ́sẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó tó ta bí ọfà. Ẹni tí ó bá yá jù, ó ti rú òfin. Ẹni tí ó bá pẹ́ jù, wọ́n ti gba bọ́ọ̀lù lọ.

BÍ Ó ṢE GÒKÈ

Oshoala gbá bọ́ọ̀lù fún FC Robo ní Èkó, lẹ́yìn náà fún Rivers Angels ní Port Harcourt. Ní ọdún 2014, ó lọ sí Kánádà fún ìdíje àgbáyé àwọn obìnrin tí ọjọ́ orí wọn kò ju 20 lọ. Nígbà tí Nàìjíríà fi ayò 6 sí 2 borí Àríwá Kòríà, òun nìkan ni ó gbá 4 wọlé. Jámánì ni ó gba ife náà, ṣùgbọ́n Oshoala ni ó gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù àti ti ẹni tí ayò rẹ̀ pọ̀ jù, ayò 7.

Ní ọdún 2015 ó lọ sí Liverpool, ní 2016 sí Arsenal, ní 2017 sí ilẹ̀ Ṣáínà, ní 2019 sí Barcelona. Pẹ̀lú Barcelona ni ó gba ife ẹ̀yẹ àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù ní ọdún 2021 àti 2023. Ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún Nàìjíríà nínú ìdíje ife àgbáyé mẹ́ta: 2015, 2019 àti 2023. Ní ti 2023, òun ni ó gbá ayò kẹta wọlé nígbà tí Nàìjíríà fi 3 sí 2 borí Ọsirélíà nílé wọn.

Ọ̀RỌ̀ FÚN ÀWỌN ÒBÍ

Oshoala ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn òbí òun kò fẹ́ bọ́ọ̀lù fún òun ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n fẹ́ kí òun dojú kọ ìwé. Ìyá àgbà ni ó dúró ti òun. Ẹ̀rù irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe lásán. Ẹsẹ̀ lè ṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ọdún tí ènìyàn sì fi ń gbá bọ́ọ̀lù kò pọ̀. Nítorí èyí, kí ọmọ má ṣe fi ilé ìwé sílẹ̀. Kí òbí mọ ẹni tí ń kọ́ ọmọ wọn ní pápá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kí ẹni tí ó mọ òfin tó kà á.

Kì í ṣe gbogbo ọmọbìnrin tí ń gbá bọ́ọ̀lù ni yóò di Oshoala. Ṣùgbọ́n bí a bá dí ọ̀nà mọ́ gbogbo wọn, a kò ní mọ èyí tí ìbá dé ibẹ̀.