Johannes Nínú Ìwé, Jan Lẹ́nu Ilé

Àwọn tó bá dàgbà tó kò ní gbàgbé Jo Bonfrere, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó kó àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ní ìdíje Òlíńpíìkì Atlanta lọ́dún 1996. "Jo" làwọn oníròyìn ń pè é, "Jo" náà ló sì ń jẹ́ lẹ́nu gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ní Eijsden, ìlú kékeré tí wọ́n bí i sí ní ìpẹ̀kun gúúsù Nẹ́dálándì, Johannes Franciscus ni wọ́n kọ sínú ìwé. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà fi orúkọ pa mọ́ fún wa. Bí àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ń jẹ́ orúkọ nìyẹn: ọ̀kan fún ìwé, ọ̀kan fún ẹnu.

Èyí tó wà fún ìwé ni wọ́n ń pè ní doopnaam, orúkọ ìrìbọmi. Èyí tí ìyá fi ń pe ọmọ wálé wá jẹun ni roepnaam, orúkọ ìpè. Doopnaam lè tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin léra wọn, ó sì sábà máa ń wọ aṣọ Látìn. Roepnaam kì í sábà ju sílébù kan tàbí méjì lọ. Johan Cruijff, ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn, tí wọ́n bí ní Amsterdam ní ọjọ́ 25 Oṣù Kẹrin 1947, Hendrik Johannes ni ìwé pè é. Marcel lorúkọ Marco van Basten, agbábọ́ọ̀lù bíi tirẹ̀. Ti Louis van Gaal, akọ́nimọ̀ọ́gbá, ló wá ga jù: Aloysius Paulus Maria. Ẹ má jẹ́ kí Maria yẹn yà yín lẹ́nu. Láàárín àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà níbẹ̀, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti máa ń fi orúkọ ìyá Jésù ti ẹ̀yìn orúkọ ọmọkùnrin, bí ẹni fi ọmọ sábẹ́ ààbò rẹ̀. Inú ìwé ni Maria yẹn ń gbé. Kò sẹ́ni tó jẹ́ fi pe ọkùnrin lórí pápá.

Kí n tó lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ nípa pípè wọn. J tiwọn kì í ṣe J tiwa, Y ni. Nítorí náà, "Yan" ni wọ́n ń pe Jan, "Yohan" sì ni Johan. Sj ni ṣ tiwa gan-an, kò sì sí ohun tó rọrùn fún Yorùbá jù ú lọ: Sjaak bẹ̀rẹ̀ bíi ṣáká. Oe dún bí u, ie dún bí i, nítorí náà Koen di "Kun", Piet di "Pit". Ij sún mọ́ "ẹi", bó ti wà nínú Thijs. G nìkan ni wàhálà. Láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun ni wọ́n ti ń fà á jáde, bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun. Ẹni tó bá lè pe Gijs àti Gerrit dáadáa ti di ọmọ onílé.

Gerrit yìí wà lára àwọn orúkọ tó dàgbà jù lọ ní ilẹ̀ náà. Kí ẹ̀sìn Kristi tó débẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì làwọn baba ńlá àwọn ará Nẹ́dálándì, bíi ti àwọn ará Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n jọ jẹ́ ìran kan náà, máa ń so pọ̀ di orúkọ. Gerard, tó di Gerrit, jẹ́ ọ̀kọ̀ àti líle. Diederik jẹ́ àwọn ènìyàn àti alákòóso. Òun ni wọ́n gé sí Dirk, méje nínú àwọn ìjòyè tó ṣàkóso Holland láyé àtijọ́ ló sì jẹ́ Dirk. Willem jẹ́ ìfẹ́-inú àti akoto ogun. Koenraad jẹ́ ìgboyà àti ìmọ̀ràn, Wouter jẹ́ àkóso àti ọmọ ogun, Evert jẹ́ ìmàdò àti líle. Àwọn obìnrin náà kò gbẹ́yìn: Geertruida jẹ́ ọ̀kọ̀ àti agbára, Machteld jẹ́ agbára àti ogun. Mo máa ń rò ó wò bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ọmọbìnrin jòjòló sórí ẹní, tí wọ́n sì ń pè é ní Ọ̀kọ̀-Agbára. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ kí Yorùbá mọ̀. Adébáyọ̀ tiwa jẹ́ gbólóhùn. Ó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Tiwọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n lè mú ìdajì orúkọ baba mọ́ ìdajì orúkọ ìyá, kí wọ́n so ó pọ̀, kó dún dáadáa létí, ó ti parí. Ẹni tó bá ń wá ìtàn nínú "ìmàdò àti líle" yóò pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀sìn dé, orúkọ kò tètè yí. Willibrord, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ní ọdún 690 láti wàásù. Àwọn ará Friesland pa Bonifatius, oníwàásù bíi tirẹ̀, nítòsí Dokkum ní 754. Síbẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún lẹ́yìn wọn, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi ṣì ń sọ ọmọ wọn ní Dirk àti Gerrit. Ó di nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá kí orúkọ àwọn ẹni mímọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wìtìwìtì: Johannes, Petrus, Jacobus, Nicolaas, Cornelis, Catharina, Elisabeth. Alágbàwí lọ́run làwọn èèyàn ń wá, ọ̀kọ̀ àti akoto kò sì lè ṣe ìyẹn fún wọn.

Àwọn ẹni mímọ́ yìí wá pẹ̀lú Látìn wọn, Látìn sì gùn jù fún ẹni tó ń pe ọmọ láti òdìkejì oko. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀bẹ ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ibi tí orúkọ Nẹ́dálándì ti dùn tó ibẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ wọn, sílébù kan ló máa ń gba agbára ohùn ju àwọn yòókù lọ. Èyí náà ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀, tí wọ́n á gé ìyókù dà nù. Antonius di Toon tàbí Teun. Jacobus di Koos tàbí Ko. Sebastiaan di Bas, Mathias di Thijs. Bartholomeus, tó gùn bí ọ̀nà oko, di Mees. Catharina di Trijn, Elisabeth di Lies. Ẹlòmíràn a gé orí dà nù kó mú ìdí, bí àwa náà ṣe ń mú Báyọ̀ nínú Adébáyọ̀: Nicolaas di Klaas. Kees, tó jáde láti inú Cornelis, tún fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un, ó mú ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, ó fo àárín. Orúkọ kan ṣoṣo sì lè bímọ rẹpẹtẹ. Láti inú Johannes la ti rí Jan, Johan, Hans, Joop, Jo. Láti inú Maria la ti rí Marijke, Mieke, Maaike, Mies, Ria, Rie. Wilhelmina, orúkọ ọbabìnrin tó wà lórí ìtẹ́ láti 1890 sí 1948, bí Mina, Mien, Helma àti Willemijn.

Willem gan-an ni orúkọ ilé ọba wọn. Willem van Oranje, tí wọ́n pa ní Delft ní 1584, ni wọ́n kà sí baba orílẹ̀-èdè náà. Willem-Alexander ló wà lórí ìtẹ́ láti ọjọ́ 30 Oṣù Kẹrin 2013. Orin orílẹ̀-èdè wọn, tí ń jẹ́ Wilhelmus, ní ẹsẹ 15, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kọ̀ọ̀kan sì ń to orúkọ kan pọ̀: Willem van Nassov.

Àṣà tó gbé gbogbo orúkọ wọ̀nyí láti ìran dé ìran ni sísọ ọmọ ní orúkọ àwọn àgbà, tí wọ́n ń pè ní vernoemen. Àkọ́bí ọkùnrin á jẹ́ orúkọ baba baba rẹ̀, èkejì á jẹ́ orúkọ baba ìyá rẹ̀. Àwọn obìnrin á jẹ́ orúkọ àwọn ìyá-ìyá àti ìyá-baba. Kò pọn dandan kí àgbà náà ti kú. Bí baba kan tó ń jẹ́ Johannes bá bí ọmọkùnrin márùn-ún, tí gbogbo wọn sì tẹ̀ lé àṣà, márùn-ún nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló máa jẹ́ Johannes lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ roepnaam máa ń hàn: ọ̀kan á jẹ́ Jan, ọ̀kan Hans, ọ̀kan Joop, ilé á sì rójú. Bí ọmọbìnrin bá sì bọ́ sí ipò tó yẹ kó jẹ́ orúkọ bàbá àgbà, wọ́n á fi ìrù obìnrin sí i. Bí Hendrik ṣe di Hendrika nìyẹn, tí Dirk di Dirkje, tí Willem di Willempje, tí Klaas di Klaasje. Ìrù -je, -tje àti -ke yìí ń sọ nǹkan di kékeré nínú èdè wọn, kò sì ní kó má dàrú nígbà mìíràn: ní àríwá, ní Groningen àti Friesland, Jantje lè jẹ́ ìyá arúgbó, níbòmíràn, Jan kékeré ni, ọmọkùnrin.

Ikú pàápàá kò dá orúkọ dúró. Ní ọjọ́ 30 Oṣù Kẹta 1852, ìyàwó pásítọ̀ kan ní Zundert bí òkú ọmọ; wọ́n sọ ọ́ ní Vincent, orúkọ baba baba rẹ̀, wọ́n sì sin ín sí àgbàlá ìjọ. Ọdún kan géérégé lẹ́yìn rẹ̀, ní 30 Oṣù Kẹta 1853, ó bí ọmọkùnrin mìíràn, wọ́n tún sọ ọ́ ní Vincent. Ìyẹn ni Vincent van Gogh, ayàwòrán tí gbogbo ayé mọ̀. Nílé Yorùbá, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè di Málọmọ́ tàbí Kòkúmọ́. Ní Zundert, orúkọ olóògbé gan-an ni wọ́n tún gbé fún alààyè, nítorí orúkọ bàbá àgbà kò gbọ́dọ̀ ṣòfò. Theo, àbúrò rẹ̀, jẹ́ Theodorus bíi baba wọn. Nígbà tí Theo náà bímọ ní 1890, Vincent Willem ló sọ ọ́.

Nítorí pé orúkọ kò pọ̀, tí Jan sì kún ìgboro, orúkọ baba ni wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀. Ọmọ Pieter jẹ́ Pieterszoon, ọmọbìnrin Jan jẹ́ Jansdochter. Rembrandt, ayàwòrán tí wọ́n bí ní Leiden ní 1606, Rembrandt Harmenszoon van Rijn ni. Baba rẹ̀ ni Harmen Gerritszoon, nítorí náà ẹ ti mọ orúkọ bàbá àgbà rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Adriaan Florenszoon ti ìlú Utrecht di Póòpù ní 1522, kò sì pa orúkọ tirẹ̀ tì: Adrian Kẹfà ló jẹ́. Lẹ́yìn tí Faransé gba ilẹ̀ náà, Napoleon pàṣẹ ní ọjọ́ 18 Oṣù Kẹjọ 1811 pé kí gbogbo ilé ní orúkọ ìdílé tí kò ní yí padà. Ọ̀pọ̀ kàn di orúkọ baba wọn mú, ó sì dúró síbẹ̀. Bí Jansen, Pietersen, Hendriks àti Willems ṣe di orúkọ ìdílé nìyẹn.

Friesland, ní àríwá, ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀. Wọ́n ní èdè tiwọn níbẹ̀, wọ́n sì tọ́jú àwọn orúkọ àtijọ́ ju àwọn tó kù lọ: Sjoerd, tó jẹ́ ìṣẹ́gun àti olùṣọ́, Jelle, Wiebe, Sietse, láàárín obìnrin, Tjitske, Froukje, Nynke. Ẹ ṣọ́ra fún Anne. Anne Frank tí a mọ̀, Annelies Marie ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, obìnrin ni, ìlú Frankfurt ní Jámánì ni wọ́n sì bí i sí. Ṣùgbọ́n Anne Vondeling, olórí ilé aṣòfin Nẹ́dálándì ní àwọn ọdún 1970, ọkùnrin pátápátá ni, ọmọ Friesland. Anne tirẹ̀ kò bá ti Bíbélì tan; ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó túmọ̀ sí ẹyẹ idì ló ti wá.

Klaas ló rìn jìnnà jù. Nicolaas, bíṣọ́ọ̀bù Myra, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Tọ́kì lónìí, ni Sint Nicolaas, tí ẹnu àwọn èèyàn sọ di Sinterklaas. Ọjọ́ 6 Oṣù Kejìlá ni àjọ̀dún rẹ̀. Àṣáálẹ́ ọjọ́ karùn-ún làwọn ọmọdé ń gba ẹ̀bùn. Àwọn ará Nẹ́dálándì tó tẹ New Amsterdam dó, tó di New York, gbé orúkọ náà dání lọ sí Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló ti di Santa Claus. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí ọmọ yín bá ń ké pe Bàbá Kérésì pẹ̀lú orúkọ yẹn, Klaas ló ń pè. Nílé, wọ́n kì í bọ̀wọ̀ fún un tó bẹ́ẹ̀: "Klaas onígi" ni wọ́n ń pe ẹni tí ara rẹ̀ le gbagidi. "Jan onífìlà" ni mẹ̀kúnnù. Ọmọ tó bá ń ṣe dáadáa jù, tó ń sú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, "Hendrik ọmọ rere" ni, láti inú ìwé ọmọ iléèwé kan tó jáde ní 1810.

Lónìí, ọjọ́ mẹ́ta ni òbí ní láti lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 Oṣù Kìíní 1970 fàyè gba èyí tó wù wọ́n, àyàfi orúkọ tí kò bójú mu, tàbí orúkọ ìdílé tí kì í ṣe orúkọ àbísọ pẹ̀lú. Àṣà jíjẹ́ orúkọ bàbá àgbà ti rọ̀ gan-an. Nínú àkójọ tí ilé iṣẹ́ tó ń san owó ìtọ́jú ọmọ ń gbé jáde lọ́dọọdún, Noah ló ń ṣíwájú àwọn ọkùnrin ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2020. Àmọ́ ẹ wo àwọn tó ń tẹ̀ lé e: Daan, Bram, láàárín obìnrin, Saar, Tess, Fien. Roepnaam ni gbogbo wọn láyé àwọn àgbà. Ní báyìí, Daan ni wọ́n kọ sínú ìwé, kò sí Daniël kankan lẹ́yìn rẹ̀. Lójú tèmi, ọmọ ọ̀dọ̀ ti gba ilé lọ́wọ́ olówó rẹ̀.

Ẹni tó bá ní í ṣe pẹ̀lú wọn níbi iṣẹ́ kó fi èyí sọ́kàn. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ nìkan ni wọ́n sábà máa ń fi síwájú orúkọ ìdílé nínú lẹ́tà. Bí ẹ bá rí J.C.M., ó lè jẹ́ Jan, Hans, Joop, Koos tàbí Jaap, ó sì lè jẹ́ Hanneke. Ẹ má méfò. Ẹ béèrè roepnaam rẹ̀, kò ní bínú.