Èènì: Ohun Tí Owó Ń Fi Hàn Nípa Ọmọ Ènìyàn

Bí a bá dúró nídìí àtẹ oníresì ní ọjà Kure ní ìlú Minna, bí ó bá ti wọn múdù kún tán, a óò rí i tí yóò tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, èyí tí àwa Yorùbá ń pè ní èènì, tí àwọn Hausa sì ń pè ní gyara, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òfin tí ó fi dandan mú un.

Irú ọ̀làwọ́ yìí ti hàn nínú ìdánwò pẹ̀lú. Ní 1982, Werner Güth, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì fi owó lé ẹnìkan lọ́wọ́ pé kí ó pín in fún ẹnìkejì. Bí ẹnìkejì bá gbà, kálukú a mú tirẹ̀, bí ó bá sì kọ̀, àwọn méjèèjì a pàdánù. Ẹni tí ó ń ṣírò èrè nìkan ì bá rò pé tín-ín-tín ni olùpín yóò yọ; àmọ́ ọ̀pọ̀ ló yọ iye tí ó súnmọ́ ìdajì, àwọn mìíràn sì kọ ìpín yẹpẹrẹ, nítorí ìwọ̀sí a máa dunni ju àìní lọ.

Nígbà tí Joseph Henrich, onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn, gbé ìdánwò náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yà Machiguenga ní Peru, nǹkan bí 26 nínú 100 ni wọ́n ń yọ. Ṣùgbọ́n ní Lamalera, Indonesia, níbi tí àgbájọ ọwọ́ ti ń pa àbùùbùtán, iye tí wọ́n ń yọ ju ìdajì lọ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ibi tí a bá ti nílò ara wa ni ọ̀làwọ́ ti ń ta gbòǹgbò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èènì parun.