Jẹnẹrétọ̀ Onítọ̀: Ìṣirò Tí A Ò Ṣe Lọ́dún 2012

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, àwọn ọmọ SS2 mẹ́ta kan ilẹ̀kùn mi ní Ìdí-Àràbà. Èmi ni mo ń kọ́ wọn ní fisíìsì lẹ́yìn ilé ìwé. Èyí tó ga jù nínú wọn mú ìwé kan dání, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ẹni tó rí owó he.

"Sà, a ti rí tọ́píìkì wa o. Jẹnẹrétọ̀ tó ń lo ìtọ̀!"

Ilé ìwé wọn, ní Sùúrùlérè níbí, ló ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá ìṣòro kan ládùúgbò, kí wọ́n ṣèwádìí rẹ̀, kí wọ́n sì wá ròyìn ohun tí wọ́n bá rí níwájú kíláàsì. Àwọn kan mú gọ́tà tó dí. Àwọn kan mú owó ọkọ̀. Àwọn tèmi mú ìtọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà ní gbòǹgbò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn á rántí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, níbi àfihàn Maker Faire Africa tí wọ́n ṣe l'Ékòó, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin láti ilé ìwé girama gbé jẹnẹrétọ̀ kan síta. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 14, ẹnì kan jẹ́ 15. Wọ́n ní lítà ìtọ̀ kan á fún èèyàn ní iná wákàtí 6. Kò pẹ́ tí ìròyìn náà fi kárí ayé.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ìtọ̀ á wọ inú sẹ́ẹ̀lì kan tí iná ń gbà kọjá, iná yẹn á sì yọ háídrójìn jáde lára rẹ̀. Háídrójìn á gba inú omi kọjá kó lè mọ́, á wọ sìlíńdà gáàsì, láti ibẹ̀ á gba inú bóráksì olómi tó ń fa ọ̀rinrin kúrò lára rẹ̀, kó tó wá wọ inú jẹnẹrétọ̀. Bí háídrójìn bá jó, omi ló ń dà, kì í tú èéfín dúdú.

Àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní wàhálà NEPA ti parí nìyẹn. Àwọn kan ní irọ́ ńlá ni. Èmi ńkọ́? Mo pín ìròyìn náà lórí Facebook, mi ò ka kọjá àkọlé. Olùkọ́ fisíìsì o!

Ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ fún àwọn ọmọ yìí pé kí wọ́n jókòó, ká mú bíró. Ẹ̀yin náà ẹ mú tiyín.

Omi ló pọ̀ jù nínú ìtọ̀. Ohun tí a ń wá níbẹ̀ ni yúríà, ká sì fọwọ́ ọ̀làwọ́ sọ pé gíráàmù 20 rẹ̀ wà nínú lítà kan. Bí a bá yọ gbogbo háídrójìn tó lè ti ara yúríà náà jáde, gíráàmù 2 péré la máa rí. Tí gíráàmù 2 yìí bá jó nínú ẹ́ńjìnnì, agbára tó wà níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi júùlù 240,000. Ó pọ̀ létí, àbí? Lítà bẹntiróòlù kan ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 32, ìyẹn ju ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lọ.

Ẹ dúró ná. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ò lè sọ gbogbo agbára yẹn di iná. Ooru àti ariwo ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù dà. Ká ní ó mú ìdá kan nínú márùn-ún, júùlù 48,000 ló kù. Fáànù kan pẹ̀lú gílóòbù kan ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 80. Ẹ pín in: ìṣẹ́jú àáyá 600. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá nìyẹn, kì í ṣe wákàtí 6.

Èyí tó wá dùn mí jù ni iná tó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ibo ló ti ń wá? Lọ́dún 2009, Gerardine Botte àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ohio University, Amẹ́ríkà, fi hàn pé ó rọrùn láti yọ háídrójìn lára yúríà ju lára omi lọ. Lórí ìwé, fóòtì 0.37 ló gbà, omi sì ń gba 1.23. Ṣùgbọ́n ẹ fi 0.37 yẹn ṣírò gíráàmù 2 wa: júùlù bíi 71,000 la máa kọ́kọ́ ná kí 48,000 tó jáde. Ní ojú iṣẹ́ gan-an, ohun tí a máa ná tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹni tó wọ mọ́tò 700 lọ gba 500 ni.

Yàrá pa lọ́lọ́.

"Ṣé wọ́n purọ́ ni, sà?" Èyí tó kéré jù nínú wọn ló bi mí.

Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Háídrójìn ń jáde lára ìtọ̀ lóòótọ́, ẹ́ńjìnnì sì lè jó o. Ọmọ ọdún 14 tó ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tí à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kódà, iṣẹ́ Botte wúlò fún fífọ omi ẹ̀gbin tí yúríà kún inú rẹ̀, háídrójìn wá di èrè orí ọjà. Àwa àgbà tí a gbé ìròyìn náà kiri, tí a ò béèrè iye tó wọlé àti iye tó jáde, àwa ni mo bá wí.

Mo wá bi wọ́n: kí ló dé tó fi jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ mú gan-an?

Èyí kékeré yẹn ló dáhùn. Télọ̀ ni ìyá rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọjà Ojúwòyè ní Múṣin ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ti aládùúgbò wà lẹ́yìn fèrèsé. Àbúrò rẹ̀ kì í yé wúkọ́. Nígbà tí ìjọba sì yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan l'Ékòó kúrò ní nǹkan bíi 190 náírà, tó ń lọ sí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìyá rẹ̀ fi owó kún aṣọ rírán, àwọn oníbàárà sì fà sẹ́yìn.

Mo ní, "Ìwádìí yín nìyẹn. Ẹ fi ìtọ̀ sílẹ̀."

Ìṣòro náà tóbi ju ṣọ́ọ̀bù kan lọ. Báńkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2018, afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí pa nǹkan bí 11,200 èèyàn ní Èkó ṣáájú àkókò wọn, ó sì ná ìpínlẹ̀ náà ní bílíọ̀nù 2.1 dọ́là. Àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kú. Mọ́tò àti ilé iṣẹ́ ńláńlá wà nídìí rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Èyí tún yàtọ̀ sí káábọ́ọ̀nù mónósáídì, gáàsì tí kò láwọ̀ tí kò lóòórùn, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ẹni tó bá ti sùn kì í mọ̀ pé òun ń fà á símú.

Ní Amẹ́ríkà, àjọ CDC ní kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé, ó kéré tán, ẹsẹ̀ bàtà 20, ìyẹn mítà 6. Ẹ bá mi wo ilé féèsì-mí-àí-féèsì-yú. Mítà 6 láti fèrèsé mi ti wọ yàrá ẹlòmíì!

Wọ́n gba téèpù ìyá télọ̀, wọ́n sì pín ìwé sí ọ̀nà mẹ́ta: báwo ni jẹnẹrétọ̀ ṣe jìnnà sí fèrèsé tó sún mọ́ ọn jù, wákàtí mélòó ló ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́, èló lepo. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, aṣọ ilé ni wọ́n wọ̀, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. "Ta ló rán yín? Ṣé àwọn agbowó-orí ni?" Ní ọjọ́ Ajé wọ́n wọ yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n kúnlẹ̀ kí àwọn ìyá, ẹnu bá yọ. Obìnrin kan tó ń ta omi tútù ní kí wọ́n bá òun ṣírò ohun tóun ń ná sórí epo lóṣù. Nígbà tó gbọ́ iye rẹ̀, ó ní kí wọ́n tún un ṣírò.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn wọ́n yà sọ́dọ̀ mi.

"Sà, tiyín ńkọ́?"

Mo ní tèmi wà lẹ́yìn, ó jìnnà dáadáa. Wọ́n ò bá mi jiyàn, téèpù ni wọ́n nà. Sẹ̀ǹtímítà 110, lábẹ́ fèrèsé tí mo máa ń ṣí sílẹ̀ sùn.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má kọ orúkọ mi sí i. Wọ́n yọ orúkọ náà. Wọ́n fi 110 sílẹ̀.